Èmi Ni Mo So Màrìwò Mọ́ Ilẹ̀kùn Ìyàwó Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ní ojú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi kú láì mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí kò mọ̀ ọ́n. Àlùfáà tó ń fún mi ní oúnjẹ alẹ́ Olúwa kò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé ọkàn mi ti rọ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ọkàn mi ò rọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọkùnrin kan fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo àdúgbò, kó máa bẹ̀ mí nítorí ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Mi ò ní dárúkọ ìlú wa. Ó wà láàárín Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà náà lè mọ̀ ọ́n. Bí o bá mọ̀ ọ́n, jọ̀ọ́, pa ẹnu mọ́ títí Sátidé yóò fi kọjá.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti lo ayé mi. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fi mí ṣe ọ̀gá àgbà. Títí di òní, Píríńsípà ni gbogbo ìlú ń pè mí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Orúkọ yẹn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ìdó ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìyá Bùnmi ni mo máa ń pè é. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò wá jókòó tì mí, kí a jọ máa darúgbó lọ. Kò jókòó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àdúgbò, á máa wo nǹkan. Tó bá dé, á sọ ohun tó rí fún mi.

Ó rí àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò tí wọ́n ń kàwé lábẹ́ iná ilé epo. Ó rí àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja lọ sí Ìfàkì nítorí kò sí fíríìsà tí wọ́n lè kó o sí nílé. Ó rí àwọn àgbàlagbà tó ń wọ takisí lọ sí Ìdó, kí wọ́n kàn lè wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ga tó, kí wọ́n sì padà.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ojúde ni àdúgbò wa kò ní mọ́. Ó ní nígbà tí a wà ní kékeré, iwájú ilé ni gbogbo èèyàn máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ẹni tó nílò iná ti ń rí iná, ibẹ̀ ni ẹni tó nílò ọgbọ́n ti ń rí ọgbọ́n. Ní báyìí, oníkálukú ti mọ ògiri yí ilé rẹ̀ ká. Ó ní òun fẹ́ fi ojúde ṣe òwò.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ìjọ ló fẹ́ dá sílẹ̀.

“Rárá o, Bàbá Bùnmi,” ló wí. “Àánú máa ń tán. Òwò ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tí kò bá dáwó síbì kan, kì í ka ibẹ̀ sí tiẹ̀.”

Ilé bàbá mi wà ní òdìkejì títì, ó ń dojú kọ ilé wa. Ó ti pẹ́ tó ti wà lófo. Ibẹ̀ ló ní kí n fún òun. Mo fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: tipátipá ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń sọ kiri pé n ó sọ ilé yẹn di ilé ìkàwé. Àwọn àpótí ìwé mi wà nínú rẹ̀. Mi ò fìgbà kankan gbá a.

Oṣù díẹ̀ ló fi tún un ṣe. Ó gbé sólà sórí òrùlé. Ó ra fíríìsà ńlá kan tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n tirẹ̀ nínú. Ó gbé tábìlì gígùn sí yàrá ńlá fún àwọn ọmọ iléèwé, ó sì wá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan láti Ọyẹ́ tó ń wá kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù wà. Ní kọ̀rọ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó kékeré lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣèpàdé á gba yàrá. Ó pe ibẹ̀ ní Ojúde.

Àwọn àpótí ìwé mi, ó kó wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ó fi aṣọ bò wọ́n dáadáa. Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni fíríìsà dúró sí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìlú, mo sọ̀rọ̀ nípa bàbá mi tó kọ́ ilé náà, mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́. Bóyá ó gùn díẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja, Ìyá Sadé. Ó gbé ohùn sókè láti ẹ̀yìn.

“Píríńsípà, ẹ jókòó o, agogo ti lù. A fẹ́ rí fíríìsà.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wo ìyàwó mi. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè sọ pé, ṣé ìyẹn náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ẹni tí ilé máa ń dákẹ́ fún tó bá wọlé.

Ojúde gbèrú. Láàárín oṣù mélòó kan, ìyàwó mi di Màmá Ojúde. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí wá kí mi láti Adó. Ó dárúkọ mi fún ọlọ́kadà ní oríta, orúkọ mi ní kíkún. Ọlọ́kadà náà ronú, ó ní, “Áà, ọkọ Màmá Ojúde lẹ ń wá.” Ọ̀rẹ́ mi fi ṣe àwàdà nígbà tó dé. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ẹnìkan ṣoṣo ló tún kórìíra Ojúde bíi tèmi, ó sì ń sọ tiẹ̀ síta. Bàbá Lékan ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní oríta, níbi tó ti ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tó sì ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù àwọn èèyàn. Mo kọ́ ọ ní iléèwé. Ọmọ tí kò le, tí kò rọ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn. Nígbà tí Ojúde dé, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro. Ó wá sí iwájú Ojúde lọ́sàn-án gangan, ó dúró sójú títì.

“Màmá, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ní sólà, èmi ní jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́. N ó fojú mi rí ọjọ́ tí wọn yóò ti ibí yìí pa.”

Ìyàwó mi ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sínú, kí wọ́n jọ ṣe é. Ó pòṣé, ó lọ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà gbọ́ ọ láti fèrèsé. Mo tọ́jú rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí màrìwò tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó túmọ̀ sí pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ààfin, ó lè jẹ́ ẹbí, ó lè jẹ́ àwọn àgbà tí a kì í dárúkọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Onígbàgbọ́ ni wá, Mùsùlùmí wà láàárín wa, ọ̀pọ̀ wa ti gba ìwé ẹ̀rí. Síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó fọwọ́ kan màrìwò tí kò mọ ẹni tó so ó.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo sọ fún Ìyá Bùnmi pé orí ń fọ́ mi, mi ò ní lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti wé gèlè tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe. Ó gbé paracetamol sórí sọ́sà, ó gbé omi tì í, ó fi àwo dé omi náà. Ó ní òun kò ní pẹ́.

Nígbà tí àdúgbò ti dákẹ́, mo mú àdá. Ọ̀pẹ kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo gé ọ̀mùnú rẹ̀, mo ya á, mo kọjá sí òdìkejì títì, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà Ojúde. Okùn tó ṣẹ́ kù nígbà tí a na okùn tí a ń sá aṣọ sí ni mo fi so ó. Lẹ́yìn náà, mo padà sílé, mo fọ ọwọ́, mo jókòó sí fàráńdà. Mo lo paracetamol náà. Nígbà yẹn, orí ti ń fọ́ mi lóòótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ẹ̀rù yóò ba gbogbo wọn. Èmi yóò wá dìde gẹ́gẹ́ bí olórí ilé, n ó tọ olóyè àdúgbò lọ, n ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, n ó padà wá tú màrìwò náà. Wọn yóò ní, Píríńsípà ló gbà wá. Mo fẹ́ kí ẹnu tó fi mí rẹ́rìn-ín dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tú, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Wọ́n kàn dúró sókèèrè, wọ́n ń wò. Ìyá Bùnmi wọ ilé wa, ó jáde pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé báńdéèjì. Ó fẹ́ gé e. Nǹkan ìbá ti parí síbẹ̀. Yóò gé e, kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn yóò wọlé.

Mo sáré bá a. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wọn. Mo ní, “Má ṣe é. O ò mọ ẹni tó so ó.”

Ó wò mí. Kò rí i kí n bẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ìbẹ̀rù mi ló ba òun náà lẹ́rù. Ó ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò wọ Ojúde mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kò padà wá láti Ọyẹ́. Ìyàwó mi gba ẹ̀yìn wọlé, ó ní òun á kó ẹja àwọn obìnrin jáde fún wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ìyá Sadé ní ẹja tó ti sùn lábẹ́ màrìwò, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ìyá Bùnmi gbẹ́ ihò lẹ́yìnkùlé, ó da gbogbo ẹja náà sí i. Mo bá a gbẹ́ ihò náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Olóyè pe ìpàdé. Ààfin ti ránṣẹ́ pé kì í ṣe àwọn. Ẹbí bàbá mi ní kì í ṣe àwọn. Olóyè ní ọ̀rọ̀ náà kò le.

“Ẹni tó so ó ló lè tú u,” ló wí. “Kó wá tú u kó tó di ọjọ́ ọjà. A ò ní bi í ní nǹkan kan. Ulé ẹni lèèyàn í ṣe àṣìṣe sí.”

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi níbẹ̀. Mo wo iwájú, mo rí Ìyá Sadé tó káwọ́ lérí. Mo ronú bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín. Mi ò dìde.

Nígbà náà ni olóyè yíjú sí mi. Ó ní, “Píríńsípà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé lọ́jọ́ náà. Ta lẹ rí?”

Mo ní, “Bàbá Lékan ni mo rí. Ó kọjá tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo.”

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ó kọjá lóòótọ́ kí n tó mú àdá, ó ń lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó kí mi, ó bi mí pé ṣé ara ò yá ni, mo dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo gbọ́ bí gbogbo yàrá ṣe mí. Ẹnìkan ní, ṣé kì í ṣe òun ló sọ pé òun á fojú òun rí i? Òmíràn ní, ojú títì ló ti sọ ọ́.

Bàbá Lékan dìde. Wọn kò tíì fẹ̀sùn kan án, ó ti mọ̀. Ojú mi ló ń wò.

“Sà, mo kí yín lọ́jọ́ yẹn.”

Mo ní, “Mi ò sọ pé o ò kí mi.”

Ó búra pé òun kọ́. Wọ́n ní kó wá tú u. Ó ní òun kò lè tú ohun tí òun kò so. Wọ́n ka ìyẹn sí agídí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àdúgbò wa mọ bí a ti ń pa èèyàn láì fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń din àkàrà, wọ́n ń kọjá lójú rẹ̀ lọ ra ti ẹlòmíràn tí kò dùn tó. Àwọn ọmọ iléèwé ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ onímàrìwò. Tó bá wọ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́, tó bá jáde, wọ́n á tutọ́. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìgbólé. Bàbá Lékan dá wà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń sunkún nígbà náà. Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ̀dọ̀ mi fún ìmọ̀ràn. Ilé tún ń dákẹ́ fún mi. Mo sì kórìíra Bàbá Lékan gidigidi, bí ẹni pé òun ló so ó lóòótọ́. Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé èyí. Bí mo bá rí i lókèèrè, inú á bí mi. Mo ṣì ń kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìyá Bùnmi kò rìn ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Á jókòó sí fàráńdà, á máa wo òdìkejì títì, títí màrìwò náà fi gbẹ, tó pọ́n bí okùn àtijọ́. Ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ẹlòmíràn kò wo tirẹ̀. Nígbà tó ṣubú, Ìdó ni mo gbé e lọ, sí ibi tó ti ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ ní iṣẹ́ ló tọ́jú rẹ̀. Mi ò ní sọ pé màrìwò ló pa á, àwọn dókítà mọ ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń rò títí ó fi kú, nítorí ó bi mí.

Ó di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bàbá Bùnmi, kí ni mo fi ṣe é? Ọkùnrin yẹn. Kí ni mo fi ṣe é tó fi kórìíra mi tó bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Ìlara ni.”

Ó mi orí. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí Bàbá Lékan sún mọ́ òkú òun.

Ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbẹ̀. Ó ṣì ń gbọ́ràn. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ ìsìnkú, Bàbá Lékan wá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kàn tọ́ka sí i. Mi ò la ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tì í jáde, bùbá rẹ̀ ya, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Kò padà wá mú fìlà náà. Ó wà nínú erùpẹ̀ títí wọ́n fi gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún kan báyìí. Bùnmi ti dé láti Èkó. Ó fẹ́ tún Ojúde ṣí, kó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ sára ògiri. Àwọn obìnrin ti gbà, Ìyá Sadé pàápàá ló ń léwájú wọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Màrìwò gbígbẹ náà ṣì wà níbẹ̀, olóyè kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó so ó ló gbọ́dọ̀ tú u.

Ni wọ́n bá lọ bá Bàbá Lékan. Wọ́n ní kó wá bẹ̀ mí ní gbangba, kó tú u, kí ọ̀rọ̀ tán. Ó kọ̀, ó tún kọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbà. Inú gbogbo èèyàn dùn. Bùnmi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó sọ fún mi ní ìdí ààrò pé, “Dádì, ẹni tó so nǹkan yẹn ló pa màmá mi. N ó jẹ́ kó tú u. Ṣùgbọ́n títí n ó fi kú, mi ò ní bá a jẹun.” Ó ń bu ọbẹ̀ fún mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Lékan wá bá mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó kí mi dáadáa. Mo ní kó jókòó, ó ní òun kò jókòó.

“Sà, kókó ewúrẹ́ ni wọ́n ta sí okùn yẹn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n so ó ni mo ti rí i.”

Mi ò ronú kàn án títí di ìgbà tó sọ ọ́. Kókó kan ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní oko iléèwé, èyí tí a fi ń so ewúrẹ́ tí kì í fún un lọ́rùn bó ti wù kó fà tó. Ọwọ́ mi ló ta á lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Mo ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo kọ́ ní kókó yẹn.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Gbogbo wọn ti lọ sí Èkó. Ó ku èmi àti ẹ̀yin.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ ní ìpàdé. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

“Kí n sọ pé Píríńsípà so màrìwò mọ́ ilẹ̀kùn ìyàwó ara rẹ̀? Wọn ìbá ti lù mí kí n tó sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin gan-an lẹ ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n lù mí.”

Òótọ́ ni.

“Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi padà wálé,” ló wí. “Ìdí tí n ó fi dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀wọ̀. Tí mo bá wà nílẹ̀ ní Sátidé, ẹ wò mí dáadáa.”

Ó dé ẹnu géètì, ó yíjú padà.

“Ó dàbọ̀, ọkọ Màmá Ojúde.”

Orúkọ tí mo torí rẹ̀ mú àdá. Ìyàwó mi ti kú, ilé náà ti di títì pa, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n fi oyè kan tí mo ti sọ nù pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, mo pàdánù Bùnmi. Òun nìkan ló kù fún mi, mo sì mọ̀ pé kì í sọ ọ̀rọ̀ lásán. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọkùnrin yẹn yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì padà wá gbé pẹ̀lú bàbá tó jẹ́wọ́ pé òun ṣe é. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìkórìíra tó yẹ kó jẹ́ tèmi máa jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ọlọ́run kọ́ ni yóò dọ̀bálẹ̀ ní Sátidé.

Ẹ kàn sọ fún mi: ṣé kí n tọ olóyè lọ ṣáájú ọjọ́ náà, tàbí kí n dúró níwájú gbogbo wọn, kí n fi ọwọ́ ara mi tú kókó náà, kí Bùnmi máa wò mí? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo mọ ara mi. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé tí Bàbá Lékan bá ti dojú bolẹ̀, tí gbogbo ojúde bá ti dákẹ́, tí wọ́n bá yíjú sí mi bí wọ́n ti máa ń ṣe, n ó na ọwọ́ mi, n ó sì fi ohùn Píríńsípà sọ pé, dìde, ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́.